Àwọn àpótí ọdún ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń tà lọ́nà Wàǹdó: ẹ jẹ́ n sọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà

Ẹ kú ọdún o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìyèdún, a ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àtìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ìràwọ̀ tá a so síwájú ilé wa sórí WhatsApp lẹ ti ń bi mí pé níbo la ti rí i, ṣé nínú àwọn àpótí ọdún tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Wàǹdó níbí nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, lórílẹ̀-èdè Benin) ni, ṣé ó dáa, ṣé owó ẹ̀ ò pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni. A ra púpọ̀ nínú ẹ̀ lásìkò ọdún yìí, èmi àti àbúrò mi obìnrin la pawọ́ pọ̀ san án, àwọn ọmọdé lò ó, àwọn àgbà náà lò ó, torí náà mo lè sọ èyí tó dáa àti èyí tí ò dáa fún yín láìfi ọ̀kan pe méjì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: àpótí kan, orílẹ̀-èdè kan. Háítì wà ńbẹ̀, Bràsíìlì wà ńbẹ̀, Filipíìnì, Sípéènì, Faransé, Jámánì, Pólándì, Japáànì, Etiópíà náà ò gbẹ́yìn. Wọ́n á kó nǹkan tí àwọn ará ibẹ̀ fi ń ṣe Nọ̀ẹ́lì (Kérésìmesì) tàbí ọdún tuntun sínú páálí, wọ́n á fi ìwé àlàyé sí i, ẹ̀yin lẹ máa sè é, ẹ̀yin lẹ máa so ó pọ̀ nílé yín. Kékeré jẹ́ 8 000 fáràǹ, ńlá jẹ́ 15 000. Ẹ fi MoMo sanwó lórí fóònù, wọ́n á gbé e fún sẹmijáǹ, ìyẹn ọlọ́kadà, ó di ẹnu ọ̀nà yín. Ìwé àlàyé yẹn, Faransé nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, ibi tó sì kọ́kọ́ dùn mí nìyẹn, torí pé nínú ilé wa, ẹni tó mọ ọbẹ̀ sè jù kò gbọ́ Faransé rárá, Yorùbá àti Gùn ló ń sọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ń ka ìwé tó sì ń túmọ̀ fún un nídìí ààrò. Táǹtí tẹ́ ẹ ni ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ bá ka èyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ Yorùbá àti Gùn sẹ́yìn ìwé yẹn, torí àwọn tó ń dáná nílùú yìí lẹ̀ ń tà á fún.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àpótí yìí látilẹ̀ o, torí ìlú wa ti ń gba ọdún àlejò mọ́ra tipẹ́. Mọ́sáláṣí ńlá tó wà láàárín Àjàṣẹ́, ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bahia ló jọ, àwọn èèyàn wa tó ti Bràsíìlì bọ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìjọ Sẹ̀lẹ́ tó ti kárí ayé báyìí, ìlú yìí náà ni Oshoffa ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1947, tó bá sì di alẹ́ Nọ̀ẹ́lì ẹ máa ń rí wọn nínú aṣọ funfun tí wọ́n ń lọ sétí òkun ní Sẹ̀mẹ̀, ọkọ̀ lórí ọkọ̀. Nínú ilé kan ṣoṣo ẹ lè rí Mùsùlùmí, Kátólíìkì, ọmọ Sẹ̀lẹ́ àti ẹni tó ń bọ òrìṣà, tí ọdún oníkálukú bá sì dé gbogbo wọn ló máa jókòó jẹun. Àwọn tó ń sọ pé à ń kó ọdún òyìnbó wọlé, wọn ò tíì wo ilé wa dáadáa ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí Háítì torí òun lọ̀gá gbogbo wọn lójú tèmi. Ọbẹ̀ elégédé ni, joumou ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ọjọ́ kìíní ọdún ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ìtàn ẹ̀ ni pé nígbà ẹrú, àwọn ẹrú ló ń gbin elégédé, àwọn náà ló ń sè é, àwọn òyìnbó tó loko ló ń jẹ ẹ́, ẹrú ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Wọ́n wá jà, wọ́n jà títí wọ́n fi lé ọmọ ogun Faransé lọ, Dessalines tó jẹ́ olórí ogun wọn kéde òmìnira ní Gonaïves ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1804, àwọn tí wọ́n ti fi ọbẹ̀ yẹn dù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sè é fún ara wọn, wọn ò sì dáwọ́ ẹ̀ dúró mọ́ títí di òní, ibi yòówù kí ọmọ Háítì wà láyé, á wá elégédé lọ́jọ́ ọdún. Lọ́dún 2021 ni UNESCO kọ orúkọ ọbẹ̀ yìí sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá aráyé. Ẹ sì má gbàgbé o, Toussaint Louverture tó ṣíwájú ìjà yẹn kó tó di pé àwọn Faransé mú un lọ, ìtàn sọ pé ará Aláda ni baba ẹ̀, ère ẹ̀ sì wà ní Aláda lọ́dọ̀ wa níbí. Torí náà nígbà tí mo ṣí páálí yẹn, kò ṣe mí bíi pé oúnjẹ àjèjì ni mo fẹ́ sè. Oúnjẹ àwọn ìbátan wa ni.

Ohun tó wà nínú ẹ̀: odindi elégédé kan tó wúwo dáadáa, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì, ànàmọ́ òyìnbó, séléírì, taimu, àlùbọ́sà, aáyù, ewé pásílì, ọsàn wẹ́wẹ́, makaróónì díẹ̀ àti ata rodo. Ẹran nìkan lẹ máa rà. Ẹ máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹran náà, ẹ ó lọ àlùbọ́sà, aáyù, taimu àti ewé pásílì pọ̀, ẹ ó fi pa ẹran lára, á sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Elégédé á jinná lọ́tọ̀, ẹ ó gún un tàbí kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná, ẹ ó wá dà á sínú omi ẹran, ibẹ̀ lọbẹ̀ ti máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí òórùn ẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Ata rodo yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Odindi ni wọ́n ní ká fi í lé ojú ọbẹ̀, tòun ti igi orí ẹ̀, kó máa léfòó, kí òórùn ẹ̀ wọ inú ọbẹ̀ láìjẹ́ pé ó bẹ́, kí ṣíbí ìrokà má sì kàn án. Àbúrò mi ló dúró tì í, gbogbo ìgbà tí ọbẹ̀ bá ti hó, á fi ṣíbí kékeré rọra tì í sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, nígbà tó sì rí i pé èèpo ẹ̀ ti ń fẹ́ là, ó fà á yọ kíá. Ọbẹ̀ yẹn ní òórùn rodo, kò sì ta àwọn ọmọdé lẹ́nu rárá. Èmi ò mọ̀ pé èèyàn lè fi ata ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ti ń fi se ọbẹ̀ ẹja báyìí.

Ìyá àgbà wa, ọmọ Kétu ni wọ́n, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ṣebí elégédé tá a fi ń jẹyán nígbà tí mo wà lọ́mọge nìyí, ẹ̀yin ọmọ ìsìnyí lẹ pa á tì, ẹ wá ń fowó rà á nínú páálí." Mo ní, "Ẹ má bínú mà, a ti gbé e padà." Wọ́n bu ìkejì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ṣé ó ṣì kù.

Ohun tí mo máa bá Táǹtí sọ lórí àpótí Háítì yìí ni pé àkókò tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ẹran kéré jù, ẹran màlúù Fúlàní tá a ń rà lọ́jà wa kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, ẹ fi sórí iná tipẹ́tipẹ́ kẹ́ ẹ tó da elégédé sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ànàmọ́ á ti fọ́ tán kí ẹran tó rọ̀. Wọ́n sì kọ ọ́ pé àpótí ńlá tó èèyàn mẹ́fà. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, a bu fún aládùúgbò, a bu fún olùkọ́ ọmọ wa. 15 000 fáràǹ yẹn, kò sí èyí tí mo kábàámọ̀ nínú ẹ̀.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti Filipíìnì, òun ni ìràwọ̀ tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò yẹn. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn Nọ̀ẹ́lì débi pé láti oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti ń gbé orin ẹ̀ sórí rédíò. Láti ọjọ́ 16 oṣù kejìlá títí di ọjọ́ 24 ni wọ́n ń jí lọ sí ìsìn ìdájí, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, fìtílà oníràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní parol ni wọ́n ń so síta, ìràwọ̀ tó júwe ọ̀nà Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni wọ́n fi ń rántí. Inú páálí ẹ ó bá oparun tí wọ́n ti là tí wọ́n sì ti fá dan, gígùn mẹ́wàá, kúkúrú márùn-ún, òwú, bébà aláràbarà tó fẹ́lẹ́ tí iná lè là kọjá, gọ́ọ̀mù àti iná kékeré oníbátìrì.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ibi tó dùn nìyí. Oparun gígùn márùn-ún lẹ máa kọ́kọ́ fi ṣe ìràwọ̀ kan, ẹ ó so orí wọn pọ̀ ní méjìméjì, kí wọ́n gba orí ara wọn kọjá láàárín. Ẹ ó fi márùn-ún yòókù ṣe irú ẹ̀ kejì. Ẹ ó wá gbé ọ̀kan lé èkejì, ẹ ó so ṣóńṣó márààrún pọ̀ mọ́ra. Nígbà yẹn pẹlẹbẹ ló ṣì máa wà, kò jọ nǹkan kan. Lẹ wá mú kúkúrú yẹn, ẹ ó fi ti àárín méjèèjì sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbi tí oparun ti pàdé ara wọn, ọ̀kan, méjì, bó ṣe ń di ìkẹta báyìí ni ìràwọ̀ yẹn ń wú, ó ń yọ ikùn lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọ figbe ta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kì í gbójú kúrò lórí fóònù ló ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, òun lòun máa lẹ bébà ẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́, òfefèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, ó gé bébà wẹ́wẹ́ ó fi ṣe ìrù méjì sí i nísàlẹ̀. A so ó sábẹ́ òrùlé lápá ojú títì, àwọn onísẹmijáǹ ń dúró wò ó lálẹ́. Òjò ò rọ̀ lásìkò yìí, torí náà bébà ò bàjẹ́, eruku ọyẹ́ nìkan ló bà lé e, ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ gbọ̀n ọ́n nù, ẹ má fi omi nù ún.

Àpótí kékeré tó jẹ́ 8 000 la rà, ó tó. Mo gbóríyìn fún wọn pé iná oníbátìrì ni wọ́n fi sí i, wọn ò fi àbẹ́là sí i, torí bébà àti oparun gbígbẹ ni. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ fi kún un fún yín ni pé ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan péré. Oparun ò wọ́n lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá ti so ọ̀kan á lè so mẹ́wàá lọ́dún tó ń bọ̀, àdúgbò kan lè so tiẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìná owó gidi kan. Mo sọ èyí fún Táǹtí fúnra wọn, wọn ò bínú, wọ́n ní ohun táwọn náà ń fẹ́ nìyẹn, ó sì jẹ́ kí n túbọ̀ fọkàn tán wọn.

Ti Bràsíìlì wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbí o. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ní etí òkun Copacabana ní Rio, aṣọ funfun lèrò máa ń wọ̀, wọ́n á ju òdòdó funfun sínú omi fún Iemanjá, wọ́n á fò kọjá ìgbì méje. Iemanjá yẹn, Yemọja ni, Yemọja tiwa yìí. Inú àpótí wọn ẹ ó bá ẹ̀wà dúdú fún feijoada (ẹ̀wà tí wọ́n fi ẹran sè), ẹran gbígbẹ díẹ̀, ewé lọ́ẹ́lì, àti okùn aláràbarà tí wọ́n ń pè ní okùn Bonfim. Okùn yìí láti ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim ní Salvador ló ti wá, wọ́n á dì í mọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́, kókó mẹ́ta, kókó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ò ń tọrọ, o ò gbọdọ̀ já a, òun fúnra ẹ̀ ló máa gbó já. Àwọn ọlọ́rìṣà ìlú yẹn, Olúwa Bonfim (ìyẹn Jésù) àti Òrìṣàálá ni wọ́n jọ máa ń dà pọ̀, ìdí nìyẹn tí aṣọ funfun fi pọ̀ lọ́jọ́ ọdún ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Àjàṣẹ́, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Àwọn Àgùdà wa, ìyẹn ìdílé àwọn tó ti Bràsíìlì bọ̀, ń ṣe ọdún Bonfim yìí náà níbí nínú oṣù kìíní, wọ́n á lọ sí máàsì, wọ́n á gbé Burian tó jẹ́ eré ìbòjú wọn jáde, màlúù á jó, egungun gàgàrà á jó, samba á máa dún láti àdúgbò dé àdúgbò. Síbẹ̀ ìwé àlàyé inú àpótí Bràsíìlì yẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò dárúkọ Àgùdà kankan. Ó ń sọ ti Rio, ó ń sọ ti Salvador, ó ṣe bíi pé òkun ló wà láàárín àwa àti ọdún yẹn, nígbà tó jẹ́ pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é, musée da Silva, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó ń sọ ìtàn wọn sì wà láàárín ìlú. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní fi pamọ́. Ọmọ tó bá ka ìwé yẹn á rò pé Bràsíìlì ni wọ́n ti ń ṣe é nìkan, kò ní mọ̀ pé ìdílé ọ̀rẹ́ òun ní kíláàsì ló ni ín. Ẹ̀wà tí wọ́n fi sí i náà ti pẹ́ nílẹ̀, a rẹ ẹ́ mọ́jú, a gbé e kaná láti àárọ̀, kò rọ̀ bó ṣe yẹ kó rọ̀. Ẹ má ra ti Bràsíìlì. Ẹ wá Àgùdà kan tó mọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín ní feṣuádà, ìyẹn feijoada tiwọn, ẹ tẹ̀ lé wọn lọ wo Burian, ẹ fi 15 000 yẹn ra aṣọ funfun.

Ti Sípéènì, èso àjàrà méjìlá ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí aago bá ń lù lóru ọjọ́ 31, èso kan fún ìlù kan, aago Puerta del Sol ní Madrid ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé lórí tẹlifíṣọ̀n, oṣù méjìlá tó ń bọ̀ ni wọ́n ń fi èso méjìlá náà tọrọ oríire fún. Ó dùn láti ṣe, ẹ̀rín pọ̀, torí ìlù kan kì í jìnnà sí èkejì, ẹnu á kún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ kékeré: èso àjàrà lè há ọmọdé lọ́fun, ó léwu gan-an, pàápàá tí wọ́n bá ń kánjú tí wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ là á ní òró sí méjì tàbí mẹ́rin, ẹ yọ kóró ẹ̀, ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ má fún un lákòókò ìkánjú yẹn rárá. Ìwé inú àpótí ò sọ ìkankan nínú èyí, ó sì yẹ kó jẹ́ òun ni wọ́n á kọ sókè pátápátá. Yàtọ̀ síyẹn, àjàrà wọ́n nílùú yìí lásìkò ọdún, owó tí wọ́n gbà ò burú.

Faransé ni mo máa ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ pátápátá. Búùṣì ni, kéèkì tí wọ́n ká bí ìtì igi. Láyé àtijọ́ igi ńlá gidi ni wọ́n ń gbé sí ààrò lálẹ́ Nọ̀ẹ́lì, á máa jó díẹ̀díẹ̀, nígbà tó di pé ààrò kúrò nínú ilé wọn ni wọ́n wá ń fi kéèkì ṣe igi yẹn, láti bíi ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìtàn ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n òun nìkan ni wọ́n ń ṣe parí kí wọ́n tó gbé e wá, bọ́tà ló pọ̀ jù nínú ìpara ẹ̀, ilẹ̀ wọn tí òtútù wà lásìkò yẹn ló bá a mu. Sẹmijáǹ gbé e látọ̀nà Wàǹdó lọ́sàn-án gangan, nígbà tá a fi máa ṣí i, ẹ̀gbẹ́ kan ti yọ́ wálẹ̀ sínú páálí, àwọn àmì èèpo igi tí wọ́n fi fọ́ọ̀kì fà sí i ti di ọ̀kan ṣoṣo. A gbé e sí fírígò, ó dì, ṣùgbọ́n adùn ẹ̀ ti lọ. Mo pe ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n dá ìdajì owó padà lórí MoMo lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìyẹn dáa, mo dúpẹ́. Àmọ́ kí wọ́n máa kó ìyẹ̀fun, ẹyin, kòkó àti ìlànà sínú páálí bíi ti àwọn yòókù, ká máa yan án nílé, ká pa á lára lálẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù.

Jámánì, òrùka ewé pẹ̀lú àbẹ́là mẹ́rin, ẹ ó máa tan ọ̀kan kún un ní Sunday kọ̀ọ̀kan kí Nọ̀ẹ́lì tó dé. Wichern tó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìní ní Hamburg ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1839, torí àwọn ọmọ ń bi í lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni Nọ̀ẹ́lì, ó gbé àbẹ́là sórí àgbá ọkọ̀ kẹ̀kẹ́ kí wọ́n lè máa kà á. Ẹwà ẹ̀ ò láfiwé, ewé fíláò etí òkun ni wọ́n fi hun tiwọn níbí, ọgbọ́n ni wọ́n lò. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló bà mí: ọyẹ́ ti gbẹ ewé yẹn kó tó di Sunday kẹta, ó ń rọ́ dànù tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, àbẹ́là sì ń jó lé e lórí. Ẹ gbé e sínú abọ́ oníyanrìn, ẹ má sì kúrò nídìí ẹ̀ nígbà tó bá ń jó.

Japáànì ò pọ̀ lẹ́nu mi, adìyẹ díndín ni, láti ọdún 1974 tí KFC, ilé iṣẹ́ tó ń ta adìyẹ díndín, ti polówó ẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ di oúnjẹ Nọ̀ẹ́lì. Adìyẹ díndín wà lọ́dọ̀ wa lójoojúmọ́, ẹ má náwó sí i. Ti Pólándì, oúnjẹ méjìlá láìsí ẹran ni, wọn kì í jẹun títí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ á fi yọ lójú ọ̀run, wọ́n sì máa ń gbé abọ́ kan àti àga kan sílẹ̀ fún àlejò tí ẹnikẹ́ni ò retí. Ẹ ò nílò àpótí fún ìyẹn. Abọ́ yẹn la gbé sílẹ̀ lálẹ́ Nọ̀ẹ́lì, a ò tíì jẹun débì kan tí bàbá tó ń ṣọ́ ilé ìkọ́lé tó wà níwájú wa fi yà wá kí wa, a ní kí wọ́n jókòó, àga wọn ti wà nílẹ̀.

Ìbéèrè tí mo ní fún Táǹtí ni pé Kalẹ́tà dà? Gbogbo wa la mọ àwọn ọmọ tó ń gbé ìbòjú kiri lásìkò Nọ̀ẹ́lì, tí wọ́n ń lu agolo àti ìlù kékeré, tí wọ́n ń jó láti ilé dé ilé kí wọ́n lè fún wọn ní owó wẹ́wẹ́. Tiwa ni, ọdún ilé ni, ó sì ti ń dínkù ládùúgbò mi. Ẹ ṣe àpótí Kalẹ́tà: páálí líle fún ìbòjú, ọ̀dà, ràfíà, agolo méjì, igi ìlù. Ẹ tà á ní 5 000, èmi ni màá kọ́kọ́ rà.

Ti iṣẹ́ wọn ní gbogbogbòò, wọ́n ń tètè dáhùn lórí WhatsApp, ohùn wọn tutù, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ 23 tàbí 24 kẹ́ ẹ tó pè wọ́n, iṣẹ́ ń pọ̀ jù wọ́n lọ, àpótí tí wọ́n ní á dé láàárọ̀ á di alẹ́.

Fún ẹni tó rò pé ọdún ti parí, ti Etiópíà ṣì ń bọ̀, ọjọ́ 7 oṣù kìíní ni Nọ̀ẹ́lì tiwọn torí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wọn yàtọ̀. Wọ́n á ti gbààwẹ̀ ọjọ́ 43 láìjẹ ẹran, ẹyin tàbí wàrà, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á wá gbé ọbẹ̀ adìyẹ oníberbere (ata lílọ̀ tí wọ́n po mọ́ èròjà) kalẹ̀, ẹyin sísè odindi nínú ẹ̀. A ti ra tiwa sílẹ̀, mo ti yẹ inú ẹ̀ wò: berbere wọn pupa, ó ta sánsán. Wọ́n ní kẹ́ ẹ da àlùbọ́sà tó pọ̀ gan-an sínú ìkòkò láìsí òróró, kẹ́ ẹ máa rò ó títí á fi pọ́n, ẹ̀yìn ìyẹn ni òróró tó máa wọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun teff, ọkà wẹ́wẹ́ kan, tí wọ́n fi ń ṣe injera (búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń jẹ ọbẹ̀) lọ́hùn-ún ò sí lọ́dọ̀ wa, ọkà bàbà ni wọ́n fi rọ́pò, àwọn kan ní Etiópíà náà sì ń lò ó. Ìyẹ̀fun yẹn ní láti kan fún bí ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó yan án, torí náà ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ 7, òní ni kó pè wọ́n, kó sì po ìyẹ̀fun náà lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ ẹ̀.